Ọmọ Tó Sùn ní Igun Ilé Kòtò

Nínú iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn, èèwọ̀ kan wà tí kò ní ètùtù: ibi tí wọ́n bá ti fi irin pẹlẹbẹ ha mọ́ tónítóní, ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ ẹ́. Bí ajá ọ̀gá bá gba ibẹ̀ kọjá, wọn yóò bú ajá, wọn yóò sì bú ọ̀gá mọ́ ọn. Nítorí náà, nígbà tí Hester Gathercole gbójú sókè tó rí obìnrin kan tó dúró lórí iyanrìn rírin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ha tán, èébú ló kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu.

Obìnrin náà wọ aṣọ irun àgùntàn tó wúwo. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú fún aró títí dé ọrùn ọwọ́.

"Rọra," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó wà ní yàrá aláìsàn lọ. "Ó ń sùn."

Ó yí padà, ó ń lọ. Kò gba ọ̀nà tààrà. Ó tọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ògiri wà láyé àtijọ́, ó yà ní igun, bí ẹni pé ògiri náà ṣì dúró, bẹ́ẹ̀ àbàwọ́n dúdú lásán ló kù nínú iyanrìn. Hester wo ilẹ̀ kó lè mọ ibi tí yóò tún ha. Kò rí ojú ẹsẹ̀ kankan. Òórùn irun àgùntàn tútù ló kù lẹ́yìn obìnrin náà.

Pápá yìí wà létí abúlé Thornheath ní agbègbè Suffolk nílẹ̀ àwọn Òyìnbó. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tuntun síbẹ̀, òfin sì ni kí àwọn awalẹ̀pìtàn kọ́kọ́ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò. Abúlé àwọn Sásónì ni wọ́n bá níbẹ̀, àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó lẹ́yìn tí ìjọba Róòmù kógbá sílé. Wọ́n rí ihò òpó, wọ́n rí egungun ẹran, wọ́n sì rí ilé kòtò kan tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ wọnú, níbi tí àwọn obìnrin ti ń hunṣọ. Àwọn amọ̀ róbótó tí wọ́n fi ń fa òwú nà ṣì tò sílẹ̀ níbi tí okùn ti já mọ́ wọn lára.

"Ta ni obìnrin tó jáde níbí?" Hester bi Clive Murfitt, tó ti ń bá a walẹ̀ láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí Clive.

"Obìnrin wo? Èmi nìkan ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dá mi lójú pé ọkùnrin ni mí." Ó na ife tíì sí i. "Gba eléyìí mu. Àbí o ti yà nílé ọtí kí o tó dé ni?"

Hester sọ ohun tí obìnrin náà wí fún un. Clive rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Lọ́jọ́ kejì, Clive ló kan egungun nínú ilẹ̀, ní igun ilé kòtò náà gan-an. Kò pariwo.

"Hester, wá wo ibí," ló wí. "Ọmọ ọwọ́ ni."

Egungun rẹ̀ kò tóbi ju ti ẹyẹlé lọ. Ẹni tó tẹ́ ẹ síbẹ̀ ti ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, ó sì fi amọ̀ róbótó kan ṣe ìrọ̀rí fún un.

"Jẹ́ ká bò ó padà," ni Clive wí. "Ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni igun yìí máa bọ́ sí. Àwọn tó ń kọ́lé ní àwọn ò ní gbẹ́ ẹ débí. Wọ́n ní ọwọ́ wa ló kù sí."

"Rárá."

"O ṣáà sọ pé ẹnìkan ní ó ń sùn."

"Clive, mo ní rárá. Kò ní sọnù sábẹ́ koríko ẹlòmíràn."

Clive kò mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí Hester ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, ó bí ọmọbìnrin kan ní òkú. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ wé e, ó gbé e jáde, ó sì parí. Láyé ìgbà yẹn, wọn kì í bi ìyá léèrè. Wọ́n sin ín mọ́ àwọn mìíràn níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè nawọ́ sí. Òun àti Leonard ọkọ rẹ̀ wá a láti ibi ìsìnkú kan dé òmíràn títí Leonard fi kú. Ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ti Hester kú, ó sì tún nù. Ìdí nìyẹn tó fi rò pé oore lòun ń ṣe fún ọmọ Sásónì yìí. Yóò ní àpótí tirẹ̀, ẹni tó bá sì béèrè rẹ̀, wọn yóò mú un débẹ̀. Bí àwọn awalẹ̀pìtàn ṣe ń ronú nìyẹn: ohun tí àwọn bá ti gbé jáde nílẹ̀, wọ́n gbà pé kò lè sọnù mọ́. Ó ṣeni láàánú.

Nígbà tí ìjọba fún wọn láṣẹ láti gbé e, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kó àwọn egungun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi bébà fẹ́lẹ́ wé wọn, mọ́tò sì gbé wọn lọ sí ilé ìpamọ́ ní ìlú.

Kùrukùru bo pápá lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Clive ti lọ gbé omi tíì kaná. Hester ń kó irinṣẹ́ jọ nígbà tí òórùn irun àgùntàn náà tún dé. Obìnrin náà ti kúnlẹ̀ ní igun. Ó ń fi ọwọ́ aláró rẹ̀ wá inú ihò òfìfo náà, jẹ́jẹ́, bí ìyá ṣe ń wá ọmọ lórí ibùsùn.

"Níbo ló wà?"

"Ó wà ní ìlú," ni Hester wí. "Inú ilé gbígbẹ. Kò sí ohun tó máa ṣe é."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Hester wá irọ́, kò rí irọ́ pa. "Kò sẹ́nìkankan."

Ì bá sàn ká ní obìnrin náà bínú. Ńṣe ló jókòó sílẹ̀, tó gbé ọwọ́ lé itan.

"Ìyá ọmọ," ló wí. Kò sẹ́ni tó pe Hester bẹ́ẹ̀ rí láyé. "Mo rò pé tìrẹ lo wá wò. Nígbà tí mo rí ọ tí o ń walẹ̀, mo ní ọpẹ́ ni, ìyá rẹ̀ ti dé. Àwa tí a wà nísàlẹ̀ la máa ń gba àwọn ọmọ tó kú tí kò ní ẹni tó tẹ̀ lé wọn. Èmi ni mo gba tìrẹ. Irun rẹ̀ pọ́n bí irun rẹ. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ tèmi ni mo tẹ́ ẹ sí, níbí, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn."

"Níbo?" Hester ti wà lórí eékún. "Ẹ jọ̀ọ́, níbo?"

"Wọn kì í sùn lọ́tọ̀. Nígbà tí o gbé tèmi, tìrẹ dìde, ó tẹ̀ lé e. Mo pè é, kò gbọ́." Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Mi ò rí ìkankan nínú wọn mọ́."

Kùrukùru wọ́ kọjá. Nígbà tí Clive gbé tíì dé, Hester nìkan ló bá, ó ń fi èékánná wa igun náà.

Kò dágbére fún Clive. Ó wakọ̀ lọ sí ìlú. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé ìpamọ́ mọ̀ ọ́n, ó ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àpótí tò láti ilẹ̀ dé àjà, egungun àwọn ará ìgbà gbogbo. Ní òpin ìtò náà lọ́hùn-ún, ọmọ kan ń sunkún, kò pariwo, ó ń ṣe bí ẹni tó ti ń sunkún tipẹ́. Hester sáré lọ síbẹ̀, ẹkún náà ti bọ́ sí ìtò kejì. Ó sáré dé ìtò kejì, ó ti sún síwájú.

Ó dúró, ó la ẹnu láti pe ọmọ rẹ̀, kí ọmọ náà lè mọ̀ pé ìyá òun ló dé. Ìgbà náà ló rántí pé wọn kò jẹ́ kó sọ ọ́ lórúkọ.