Ẹni Tó Ń Gbọn Yìnyín Lẹ́nu Ọ̀nà Nordgarden

Kí Ardis tó kan ilẹ̀kùn ni wọ́n ti bu kọfí tirẹ̀ sílẹ̀. Ife mẹ́ta ló wà lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ènìyàn méjì péré ló ń gbé oko Nordgarden: Halvard tó ni ín, àti Åsne ìyá rẹ̀, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì àmọ́ tí etí rẹ̀ ṣì mú bí abẹ.

"Jókòó, ọmọ mi," ni Åsne wí. "A ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ láàárọ̀."

Ní àfonífojì yẹn, èyí kì í ṣe ohun ìyanu. Ìró ẹsẹ̀ ẹlòmíràn máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé: wàá gbọ́ bàtà, wàá gbọ́ ilẹ̀kùn, o ò ní rí ẹnì kankan, kò sì ní pẹ́ tí olúwarẹ̀ fúnra rẹ̀ á fi dé. Vardøger ni wọ́n ń pè é, kì í tilẹ̀ ba ọmọdé lẹ́rù. Ohun tí kò bójú mu lọ́jọ́ náà ni pé ẹni tí Åsne gbọ́ gbọn yìnyín kúrò ní bàtà rẹ̀ kó tó di ilẹ̀kùn mú. Bẹ́ẹ̀ ooru ló mú, koríko tí wọ́n gé sì ń gbẹ lórí ọgbà níta.

Ardis ò tíì mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló gbé wá láti Dakota ní Amẹ́ríkà. Guro, ìyá bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà tó sì kọ́ ọ ní èdè ilé, ti kú. Wọ́n ti ri òkúta sàréè rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti bí i sí ṣì ṣófo. Guro Bakken ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ nígbà tí ikú ń bọ̀, ó di ọwọ́ Ardis mú gírígírí: "Ẹ má kọ Bakken sí mi lórí. Wọn ò bí mi sí Bakken." Kò wí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó fi dákẹ́. Ardis sì búra pé òun ò ní kú kí àlàfo yẹn tó kún.

Nígbà tó rò ó fún wọn tán, Halvard rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn.

"Bakken ni jàre. Ẹ wo ìsàlẹ̀ yẹn, ahéré àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún wa nígbà náà ni. Òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù. Ẹ ya fọ́tò, kí ẹ máa lọ."

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Láàárín àwọn èèyàn yìí, ilé gan-an lorúkọ. Ẹni tó bá kó kúrò nínú oko kan, orúkọ oko tuntun ni yóò máa jẹ́. Ardis mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Bakken ló ti lọ wọkọ̀ ojú omi," ni ó dá a lóhùn. "Ìyẹn ò ní kó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí."

"Ọdọọdún lẹ ń wá, ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà! Kò sí ọmọ alágbàro kankan nínú yín rí. Gbogbo yín ni ọmọ ilé ńlá!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò wá pín ogún. Ilẹ̀ tí mo ní nílé, màlúù yín á ṣìnà nínú rẹ̀."

Åsne fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ.

Gbì, gbì. Bàtà lórí òkúta ẹnu ọ̀nà. Ẹnìkan ń gbọn yìnyín dànù jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé kò gbọdọ̀ kó ìdọ̀tí wọlé. Irin ilẹ̀kùn mì, ó sì dúró. Oòrùn ń ràn lójú fèrèsé, kò sí òjìji ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Ẹ má ṣí i," ni Halvard wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "A kì í ṣí i fún ìyẹn. Òfin bàbá bàbá mi ni. Tó bá dúró títí, á padà."

"Ta ni?"

"Ìró lásán ni."

"Ìró ta ni?"

Åsne ló sọ̀rọ̀.

"Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí ní ìyàwó ni mo ti ń gbọ́ ọ. Gbogbo ìgbà tó bá wá ni mo ń bu kọfí sílẹ̀ fún un. Òní nìkan ni ẹnìkan wọlé tẹ̀lé e." Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ ilé yìí ni Guro. Oyún ló ní, bàbá rẹ̀, tó jẹ́ bàbá ọkọ mi, sì lé e jáde sínú yìnyín. Bàbá náà ní wọn ò bí i síhìn-ín rí. Àwọn ará Bakken ló gbà á sílé. Ẹni tí kò tíì délé, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè sinmi."

"Màámi!"

"Panu mọ́ níbẹ̀. Mo ti bá yín panu mọ́ tó."

Ardis ti dìde. Halvard sáré dí ọ̀nà mọ́ ọn, ó na apá méjèèjì.

"Ilé mi nìyí!"

"Ilé bàbá ìyá àgbà mi ni. Yàgò!"

Kò mọ ibi tí agbára ti wá. Inú ló ń bí i, inú ńlá, nítorí obìnrin tó gbé irọ́ ẹlòmíràn rìn bí orúkọ títí dé sàréè. Ó fi èjìká ti Halvard títí tó fi jókòó sílẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn gbayawu.

"Ìyá àgbà, ẹ wọlé. Ẹ má gbọn ẹsẹ̀ mọ́. Ilé yín ni."

Kò sí ẹnì kankan níta. Ṣùgbọ́n òtútù gba ẹ̀gbẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọjá, ojú ẹsẹ̀ tútù sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lórí pákó ilẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, yìnyín wẹ́wẹ́ ń yọ́ létí rẹ̀. Kò yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó kọjá lára tábìlì, ó wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ààrò, wọ́n sì gbọ́ tí ibùsùn dún bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó lé e.

"Kí lẹ ń fi yàrá yẹn ṣe?" ni Ardis béèrè.

"Ibẹ̀ la ti ń bímọ," ni Åsne wí. Ó nawọ́ sí Halvard. "Ibẹ̀ ni mo bí èyí náà sí."

"Nordgarden ni màá kọ sórí òkúta yẹn." Omijé ń dà lójú Ardis, àmọ́ orí rẹ̀ wà lókè. "Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá pa á rẹ́."

Halvard ò tíì dìde nílẹ̀. Ó ń wo àwọn ojú ẹsẹ̀ náà. Inú ilé ni gbogbo wọn kọjú sí.

"Nígbà wo ló máa lọ?" ni ó béèrè wúyẹ́wúyẹ́.

"Kí wọ́n lọ síbo?" ni Ardis wí. "Wọ́n ti délé."

Nínú yàrá, ẹnìkan rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó sì ti irin rẹ̀ láti inú.