Òwú Tó Gùn Tó Ìyá

Ọ̀sán gangan, oòrùn ń ràn yòò, ni ẹnu ìyá Aránṣọ rán pọ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ nítòsí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó sórí àga nínú yàrá rẹ̀, ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àfi bí ètè méjèèjì ṣe lẹ̀ mọ́ra pinpin.

Háà! Mo ti sáré ju ìtàn lọ. Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn, kí n mú un láti ibi ẹ̀rọ.

Aránṣọ yìí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọwọ́ rẹ̀ sì yá lórí aṣọ débi pé àwọn oníbàárà máa ń dúró wò ó bí ẹni ń wòran. Yàrá kan ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé: wọ́n ń sùn sí apá kan, apá kejì ni ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ òfin kan sára ògiri: ÌDAJÌ OWÓ KÍ N TÓ GÉ AṢỌ, ÌDAJÌ TÓ KÙ TÍ O BÁ WỌ̀ Ọ́ TÓ BÁ Ẹ MU. Kò sí ẹni tó lè yẹ òfin yẹn. Lọ́jọ́ tí àǹtí rẹ̀ gbé aṣọ wá, tí ó ní, "Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ dàgbà?", ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ pọ̀n mí, àǹtí mi. Ìdajì dà?"

Ojú ìyá rẹ̀ ń lọ. Dókítà ní bí wọn ò bá ṣe iṣẹ́ abẹ kí oṣù tó parí, ojú méjèèjì á fọ́ pátápátá. Owó iṣẹ́ abẹ náà wà ní báǹkì. Ọdún méjì ni wọ́n fi tu ú jọ.

Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn ti wọlé. Lórí fóònù, ní ọjà kan tí àwọn èèyàn ti ń ta ẹrù fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, Aránṣọ rí ẹ̀rọ ìránṣọ kan. Ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé, irú èyí tó ń ya òdòdó sára aṣọ fúnra rẹ̀. Igun tábìlì rẹ̀ kan ya, wọ́n so aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀: bí òun bá rí ẹ̀rọ yìí, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì á dá owó ojú padà, á sì ṣẹ́ kù.

Ọjà orí fóònù yẹn ní bó ṣe ń ṣe é. O máa sanwó sọ́wọ́ àwọn tó ni ọjà náà, wọ́n á di owó náà mú, ó di ìgbà tí ẹrù bá dé ọwọ́ rẹ, tí o ní ó tẹ́ ọ lọ́rùn, kí wọ́n tó fún ẹni tó tà á. Ẹ sọ fún mi, kí ni ìyàtọ̀ ìyẹn sí òfin ara ògiri? Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rọ tó ń tà á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́:

"Arábìnrin mi, má gba ibẹ̀ yẹn san. Wọ́n á gé nínú ẹ̀, wọ́n á tún dá a dúró. Fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi tààrà, màá yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún ẹ. Ẹlòmíì ń bọ̀ wá gbé e o. Fọkàn balẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè kọ́kọ́ san ìdajì?"

"Ṣé mo jọ olè lójú ẹ ni? Fọkàn balẹ̀, jàre."

Ojú tì í. Ẹni tí ojú kò tì níwájú àǹtí rẹ̀, ojú wá ń tì í níwájú ẹni tí kò rí rí. Ó tẹ̀ ẹ́. Owó ojú ìyá rẹ̀ fò lọ fìrì.

Ẹ̀rọ kò dé. Nọ́ńbà ẹlẹ́rọ kò lọ mọ́. Àwòrán náà kúrò lójú ọjà.

Ní báǹkì, ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì wo fóònù Aránṣọ, ó mí kanlẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí?"

"Rárá."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ tẹ nọ́ńbà àṣírí yín. Ká ní inú ọjà yẹn lẹ gbà san, owó ì bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọn ì bá dá a padà fún yín. A máa kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ kúrò nínú àkáǹtì yẹn. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà pẹ̀lú ìka, ó ń kọrin:

Ojú mi ń bọ̀ wá là,
ojú mi ń bọ̀ wá là o,
màá rí ọmọ mi,
màá rí bó ṣe rẹwà tó,
ojú mi ń bọ̀ wá là.

Orin náà dùn, ṣùgbọ́n Aránṣọ kò lè dúró gbọ́ ọ tán. Ó bọ́ sí ìta, ó ki ọwọ́ bọ ẹnu kí ẹkún má bàa jáde.

Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ńbà kan tí kò mọ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i: "Mo mọ̀ pé wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ ẹ. Màá dá a padà ní ìlọ́po méje. Bàbá Adówópadà." Yàtọ̀ sí báǹkì, Aránṣọ kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyá rẹ̀ gan-an kò mọ̀. Ó yẹ kó bi í pé, "Ta ló sọ fún yín?" Kò bi í. Ọ̀nà ilé rẹ̀ nìkan ló béèrè.

Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ni ilé náà wà. Ọ̀nà tóóró, ògiri méjèèjì ń ha á léjìká. Wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé yàrá, wọ́n sá àwọn aṣọ kan kọ́ sára ògiri, inú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri lọ́sàn-án. Òórùn méjì ló pàdé rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ, àti òróró ẹ̀rọ. Bàbá náà tóbi, ó jókòó sílẹ̀ bí òkìtì. Ohun tí ojú Aránṣọ kọ́kọ́ rí ni etí aṣọ rẹ̀ tó ti tú, tí òwú ń fì jọ̀ọ̀ níbẹ̀.

"Kí lẹ máa gbà, bàbá?"

"Òwú. Òwú tó gùn tó ẹni tó bí ẹ, láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Ìwọ ni kó o fọwọ́ ara ẹ wọ̀n ọ́n."

"Kí ló máa ṣe màámi?"

"Ó máa rẹ̀ wọ́n díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

"Ṣé owó lo fẹ́ ni, àbí àlàyé?"

Ó padà sílé. "Màámi, ẹ dìde kí n wọ̀n yín."

"Aṣọ ni? Aṣọ tí màá wọ̀ lọ́jọ́ tí ojú mi bá là?"

"Ẹ̀n, màámi."

Ìyá nà gan-an, ó ń rẹ́rìn-ín. "Fi díẹ̀ lé e o. Inú mi dùn, mo ti ga ju ti àná lọ."

Aránṣọ fi òwú wọ̀n ọ́n láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Nígbà tó ká òwú náà tán, ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kó lè gbé gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pé ó gbọ́n, ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe é: ó gé òwú sí méjì. Ó fi àtàrí dé ìbàdí sápò. Ó fi ìbàdí dé gìgísẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe wọ yàrá dúdú náà, ilẹ̀kùn ti ara rẹ̀ gbàgà. Bàbá já òwú gbà, kò tilẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó fa ìka Aránṣọ, ó fi abẹ́rẹ́ gún un títí ó fi kan egungun, ó fi ẹ̀jẹ̀ náà pa òwú. Ó wá ṣí aṣọ kúrò lórí nǹkan kan láàárín yàrá.

Ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé. Igun tábìlì tó ya. Aṣọ pupa lára kẹ̀kẹ́.

"Ìwọ ni!" Aránṣọ figbe ta. "Ìwọ lo gba owó mi!"

"Fọkàn balẹ̀." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Owó yẹn kọ́ ni mò ń wá. Àwọn tó ní inú ọjà làwọn máa gbà san, mo máa ń fi wọ́n sílẹ̀. Ìwọ ni mò ń wá. Ẹni tó lè kó gbogbo owó ìyá ẹ̀ fún ẹni tí kò rí rí, ó lè kó ìyá ẹ̀ náà fún un. Àbí mo purọ́? Òwú rèé."

Aránṣọ fà sẹ́yìn. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ògiri kó lè wá ọ̀nà sá, ibẹ̀ ló ti rí i pé ohun tí òun pè ní aṣọ tí wọ́n sá kọ́ kì í ṣe aṣọ. Awọ èèyàn ni, wọ́n to wọ́n lọ rẹrẹ, wọ́n ti rán ètè ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀.

Bàbá ki òwú sẹ́nu ẹ̀rọ, ó tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀:

"Onírin ẹlẹ́nu kan,
òwú lo ń jẹ, èèyàn lo ń gbé mì!
Rán ojú, kó má rí i.
Rán ẹnu, kó má ké sí i.
Jẹ ẹ́ láti àtàrí, má dúró títí dé gìgísẹ̀,
kí o pọ owó!"

Kò sí iná, kò sí ẹsẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ̀rọ gbéra. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Fóònù Aránṣọ dún.

"Ọmọ mi, níbo lo wà? Ojú òsì mi ṣàdédé pa dé."

"Màámi!"

"Ó ti mú ọ̀tún báyìí. Ó ń ro mí bí ìgbà tí wọ́n ń gún mi. Ọmọ mi, kí ló ń ṣe— mmm. Mmm! Mmmmm!"

Ariwo tí Aránṣọ pa, a ò lè fi ẹnu sọ ọ́. Ẹ̀rọ ń sáré, àfi bó ṣe di kẹ́rẹ́, ó di kẹ́, ó ń já afẹ́fẹ́ jẹ. Òwú ti tán.

"Níbo ni ìyókù wà?" Ohùn bàbá yí padà.

"Ó wà nílé." Aránṣọ ló dáhùn. "Ìdajì kí n tó gé aṣọ. Ìdajì tí mo bá rí i pé ó bá mi mu."

"O ti pa mí! Kì í dúró bí kò bá yó!"

Ó fò mọ́ kẹ̀kẹ́ láti dá a dúró. Òwú tó ń fì létí aṣọ rẹ̀ bọ́ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́! Ẹ̀rọ fa etí aṣọ, ó fa apá aṣọ, ó fa ọwọ́. Abẹ́rẹ́ ń wọ èékánná ìka, ó ń jáde ní àtẹ́lẹwọ́. Bàbá ń ké, ẹ̀jẹ̀ ń ta sára ògiri, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dínkù, ó ń tẹ́ pẹlẹbẹ.

Aránṣọ ki ọwọ́ sétí ìró rẹ̀, ó yọ bíléèdì ìtúṣọ. Ó já aṣọ funfun náà gbà, ó kúnlẹ̀, ó ń tú u. Ojú àti ẹnu ìyá rẹ̀ ni ẹ̀rọ ti rán sára rẹ̀; ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, níbi ẹnu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìyá rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè dúró. Ojú mi ń bọ̀ wá là, ó já ọ̀kan. Ojú mi ń bọ̀ wá là o, ó já èkejì.

"Hàà!" Ìyá mí nínú fóònù. "Ọmọ mi!"

Ó tú ojú ọ̀tún. Ó kan ojú òsì. Ó ku ojú òwú mẹ́ta. Ó ku méjì. Ẹ̀rọ gbé bàbá dé ọrùn. "Fọkàn—" ni bàbá wí, ètè rẹ̀ sì pa dé. Abẹ́rẹ́ nawọ́ gán aṣọ funfun náà, ó já a gbà lọ́wọ́ Aránṣọ, ó gbé e mì pẹ̀lú ojú òwú méjì tó kù. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó sáré.

Nílé, ojú ọ̀tún ìyá rẹ̀ là sílẹ̀. Ti òsì pa dé, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ ìpéǹpéjú bí etí aṣọ tí wọ́n ká dáadáa. Ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Ìyá na ọwọ́ sí i.

"Ìdajì mi tó kù dà?"

Ó mú un wá láti abẹ́ ìrọ̀rí. Ìyá fọwọ́ táràrà wá a, ó gbà á, ó ká a mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó fi eyín fa kókó rẹ̀ le. "Èmi ni màá máa tọ́jú èyí."

Àǹtí mú owó wá, Aránṣọ ta ẹ̀rọ àtijọ́ rẹ̀. Ojú kan ni owó náà tó, ojú kan náà ló sì kù láti ṣe.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, fóònù dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwòrán ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yàtọ̀, etí aṣọ bàbá ni. "Arábìnrin mi, ó ṣì wà o. Fi ránṣẹ́ tààrà. Fọkàn balẹ̀."

Aránṣọ tẹ̀ ẹ́ padà: "Inú ọjà ni màá gbà san. Tàbí kó o gbé e wá, kí n fi ránṣọ níwájú ẹ kí n tó sanwó."

Kò sí èsì. Ó ti lọ bá ẹlòmíì.

Ìyá yíjú sí i. Ó fi ojú kan ṣoṣo wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì gbé orin rẹ̀:

Ojú mi kan ti là,
ojú mi kan ti là o,
mo rí ọmọ mi,
mo rí ohun tó ṣe,
mo ṣì rí ọmọ mi.