Lórí Bẹ́ńṣì Káńsù

"Azeemah, epo dà? Epo pupa dà?"

Alhaja Kúbúrátù kò dúró gba ìdáhùn, ó ti sáré wọ ilé ìdáná. Ayman, àkọ́bí rẹ̀, nà gbalaja sórí ẹní ní pálọ̀. Ó ń hanrun lọ́nà tí kò jọ ti oorun, ètè rẹ̀ sì ti ń dúdú. Kò tíì pẹ́ tí Alhaja ti ìrun Jímọ̀ dé.

Azeemah mọ ohun tó ṣe é. Níbi ìlagi tó wà lọ́nà Ayépé tí Ayman ti ń ru pákó, tíràmádọ̀ ni gbogbo wọn ń gbé mì kí ara má baà ro wọ́n. Nígbà tí Azeemah rí páálí rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí, Ayman bẹ̀ ẹ́ pé, "Àbúrò mi, má sọ fún ẹnikẹ́ni." Kò sọ. Ìyá wọn náà rí i nígbà tó yá, ó ní, "Ọ̀ràn yìí kò gbọdọ̀ jáde nílé yìí. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ́n lẹ́nu Alhaja. Bí ọbẹ̀ bá jóná lásán, á sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ káńsù ti pariwo títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Nọ́ọ̀sì Rachel, òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀, wá sí iléèwé Azeemah, ohùn ti há a. "Ẹ má rọ epo tàbí mílíìkì sẹ́nu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀, ọ̀nà èémí ló máa gbà. Ẹ yí i fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹ pè wá. A ò ní mú ọlọ́pàá wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa pè wá. Òkú la sábà máa ń bá." Àwọn ọmọ kan ń rẹ́rìn-ín. Azeemah tọ́jú nọ́ńbà náà sínú fóònù rẹ̀.

Alhaja ti dé pẹ̀lú kọ́ọ̀pù epo, ó ti kúnlẹ̀, ó ń la ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

"Mọ́mì, ẹ má rọ ọ́! Á pa á!"

"Kúrò lọ́dọ̀ mi!"

Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í gbá nǹkan dànù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Azeemah gbá a. Epo ta sára ògiri, ó ta sára aṣọ Jímọ̀ Alhaja. Azeemah yí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó pe káńsù, ó sì já síta kí àwọn aládùúgbò lè bá a fọ̀nà han ọkọ̀ káńsù.

"Ẹ gbà wá o! Ẹ̀gbọ́n mi lo oògùn jù, kò mí dáadáa mọ́!"

Gbogbo àdúgbò gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Rachel dé, kò bá ẹnikẹ́ni wíjọ́. Ó gún Ayman lábẹ́rẹ́, ó ń bá a fẹ́ èémí sínú. Ó pẹ́ kí Ayman tó lajú. Nọ́ọ̀sì fìdí lélẹ̀, ó nu òógùn ojú. "Ẹni àkọ́kọ́ tí a bá láàyè lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn," ó wí. Wọ́n gbé Ayman lọ sí ọsibítù.

Láti ọjọ́ náà, Alhaja kò dá Azeemah lóhùn mọ́. "O ti tú mi síhòòhò," ni gbólóhùn kan ṣoṣo tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ayman náà padà dé, ó ń sá fún ojú èèyàn. Ó rẹ ọmọbìnrin náà, ó ń dá sunkún ní balùwẹ̀. Àbí kó ti dákẹ́ ni? Ṣùgbọ́n bó bá ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń mu ògì, á nu omijé rẹ̀ nù.

Ọjọ́ tí Ayman máa bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní káńsù, Alhaja fi ìborùn bojú, ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé. Lórí bẹ́ńṣì káńsù, obìnrin mìíràn náà bojú. Ìyá Àdínì mọ́sálááṣí wọn ni, Alhaja Ràmọ́tà, ẹni tí Alhaja Kúbúrátù tìtorí ẹnu rẹ̀ bo gbogbo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Abdulbasit ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó di káàdì ìtọ́jú mú.

"Ẹ̀yin náà, Ìyá Àdínì?"

"Èmi náà. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń sá fún." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Yasir ọmọ mi tí ẹ wá bá mi kẹ́dùn rẹ̀ nígbà ààwẹ̀, kì í ṣe ibà ló pa á. Mo ti ilẹ̀kùn, mo rọ epo sí i lẹ́nu."

Alhaja Kúbúrátù jókòó wọ̀ọ̀. Ó ṣí ìborùn kúrò lójú, ó fa Azeemah mọ́ra.

"Èmi tí mò ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín," ó wí, "àṣé ikú ò tíì wọlé mi ni."

Ẹ̀yin ọmọ, àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ sọ ọ́ síta. Wọ́n á bínú sí yín, á sì dùn yín. Ẹ ṣáà sọ ọ́. Ẹ̀sín a máa tán nílẹ̀, ṣùgbọ́n Yasir ò lè padà wá mọ́.