Ilé Tí Bàrákátù Rà Ní Kọ̀rọ̀

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ní Adja-Ouèrè, kálukú á gbé àga síta. Àwọn obìnrin á máa bó ẹ̀gẹ́, àwọn ọkùnrin á máa sọ̀rọ̀ òjò àti àgbàdo. Ẹni tó bá ń kọjá á kí wọn, wọ́n á dá a lóhùn, wọ́n á sì béèrè àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàrákátù náà máa ń gbé àga tirẹ̀ síta. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kí i tán, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Kò sí ará ilé tí wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Aránṣọ ni. Àjàṣẹ́ ló ti kọ́ iṣẹ́, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ẹbí ọkọ gba yàrá tí wọ́n ń gbé, wọ́n ní kò bímọ fún àwọn. Ó wá rántí pé ọmọ Oko-Akarè ni ìyá òun, ló bá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé Oko-Akarè, wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ sí ojú ilé ìyá rẹ̀. Àwọn tó mọ ìyá rẹ̀ ti kú, àwọn yòókù ti kọjá sí Nàìjíríà. Ó wá sí Adja-Ouèrè, ó gba yàrá kan lẹ́yìn ọjà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ.

Oúnjẹ rẹ̀ kì í tán. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ bí a ṣe ń se ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, onílé rẹ̀, Bàbá Ràzákì, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ má bínú sí mi. Mo fẹ́ wó ilé yìí, kí n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin náà ń rí bí ìlú ṣe ń yí padà."

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń rí i. Láti ìgbà tí ọ̀nà ti dára, àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Kùtọnu ti ń wá ra ilé. Ní àdúgbò Ìta-Ọ̀pẹ, ilé alámọ̀ kan á wó lónìí, ilé oníbíríkì tó ní géètì á dìde níbẹ̀ lọ́la. Ilé kò tíì wọ́n jù, ṣùgbọ́n ó ń wọ́n sí i. Bàrákátù sọ nínú ara rẹ̀ pé bí òun kò bá ra tòun báyìí, òun kò ní lè rà á mọ́. Ó fẹ́ ilé kan, bó ti wù kó kéré mọ, tí ẹnì kankan kò ní lé òun kúrò níbẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Armand bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ṣòkòtò ló kọ́kọ́ gbé wá fún àtúnṣe. Nígbà tó gba ṣòkòtò tán, kò lọ. Ó jókòó, ó béèrè àlàáfíà rẹ̀, ó yin ọbẹ̀ rẹ̀, ó sì jẹ oúnjẹ tó ṣẹ́kù. Ó tún wá lọ́jọ́ kejì. "Tàńtí Bàrákátù, mo ní kí n yà kí yín." Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnì kan ti yà kí Bàrákátù.

Ní ọjọ́ tó sọ fún un pé òun ń wá ilé, Armand rẹ́rìn-ín.

"Tàńtí, Ọlọ́run ló ní kí a pàdé. Bàbá mi fi ilé kan sílẹ̀ fún mi ní Ìta-Ọ̀pẹ. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú àgbàlá. Àwọn ará Kùtọnu ń yọ mí lẹ́nu lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́ tà á fún. Ẹ ṣáà má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ ẹnu ayé. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á gbà á mọ́ yín lọ́wọ́."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún?" ni Bàrákátù dá a lóhùn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Ọjọ́ ọjà Ikpinlè ni Armand mú un lọ wo ilé náà, nígbà tí àdúgbò dá wáí. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Wọ́n ti gbá àgbàlá mọ́ tónítóní, ìkòkò omi kan sì wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, igbá ni wọ́n fi dé e.

"Ta ló ń gbé ibí?" ni Bàrákátù béèrè.

"Ayálégbé kan ni, Tàńtí. Yóò kó jáde."

Bàrákátù kò bi í léèrè mọ́. Ojú fèrèsé ló ń wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ránṣọ kó jọ fún Armand, láti ọwọ́ dé ọwọ́. Armand kọ ìwé kan, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i nínú yàrá. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Armand kò yà kí i mọ́.

Bàrákátù fara dà á, ó ń dúró kí ayálégbé náà kó jáde. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń fà sí ilé náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó mú okùn ìwọ̀n rẹ̀, ó ní kí òun lọ wọn fèrèsé, kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ tí òun máa fi kọ́ ọ. Nígbà tó dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá."

"O kú àbọ̀, ọmọ mi! Wọlé, wọlé." Màmá náà ti dìde, ó ti ń bu omi. "Jókòó kí o mu omi. Ó mà ti pẹ́ o, tí ẹnì kan ti ya ọ̀dọ̀ mi. Àwọn tí a jọ wà ní Ìta-Ọ̀pẹ ti ta ilé wọn lọ tán. Àwọn tó ń gbé inú géètì wọ̀nyí kì í jáde. Ta ló rán ọ sí mi?"

Bàrákátù mu omi.

"Armand ni," ló sọ.

Ojú màmá náà tàn. "Armand? Ọmọ àbúrò mi! Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni mí, èmi Ẹfúnwùmí. Àyè yìí ni bàbá wa bí gbogbo wa sí. Mo ti rò pé ó ti gbàgbé mi." Ó wo okùn ìwọ̀n tó wà lọ́wọ́ Bàrákátù. "Àṣé aránṣọ ni ọ́! Ó ní kí o wá rán aṣọ sí fèrèsé mi, àbí? Oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń pa mí lójú, mo ti sọ fún un rí. Áà, ọmọ náà rántí!"

Bàrákátù gbé ago omi sílẹ̀. Ó dìde, ó wọn fèrèsé náà níbùú, ó wọ̀n ọ́n lóròó. Màmá Ẹfúnwùmí dúró tì í, ó ń súre fún un.

Nígbà tó dé ojú títì, ó pe Armand.

"Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ló ń gbé inú ilé yẹn!"

Ohùn Armand ti yí padà. "Ta ló ní kí ẹ lọ síbẹ̀? Ẹ ti san owó, ilé ti di tiyín. Ẹ lé e jáde. Kí ló tún kù?" Ó pa fóònù.

Bàrákátù dúró nínú oòrùn. Kò rí ẹni tó máa fọ̀rọ̀ lọ̀. Níkẹyìn, ó kọrí sí ilé mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Rosine ló gbà á lálejò. Rosine gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ìyá mi, ta lẹ bi léèrè kí ẹ tó san owó?"

"N kò bi ẹnì kankan. N kò mọ ẹnì kankan níbí."

"Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi wá bá yín." Rosine fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ẹ gbọ́. Ilé tí bàbá bá fi sílẹ̀, ti gbogbo ẹbí ni, títí wọn á fi pín in. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá a tà. Àwọn ẹbí gbọ́dọ̀ jókòó, kí gbogbo ẹni tó ní ìpín fọwọ́ sí i, àti ọkùnrin àti obìnrin. Ṣé ẹ rí ṣẹ́fù, olórí àdúgbò?"

"Rárá o."

"Ṣé ẹ bi í bóyá ilé náà ní *titre foncier*, ìwé ìjọba tó ń fi ẹni tó ni ilẹ̀ hàn? Tàbí ADC, ìwé tí ilé mẹ́rì ń fún ẹni tó jogún ilẹ̀?"

"Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹni tó bá ń ta ohun tirẹ̀ kì í ní kí ẹ pa ẹnu mọ́," ni Rosine wí.

Àwọn méjèèjì lọ bá ṣẹ́fù àdúgbò, Bàbá Igbẹ́kọ̀yí. Ṣẹ́fù pe ẹbí jọ, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Armand. Níwájú gbogbo wọn, kò lè sẹ́. Ó dá èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú owó náà padà. Ó ti ná ìyókù. Ọ̀rọ̀ ìyókù náà wà ní ilé ẹjọ́ títí di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Nígbà tí ìpàdé tú ká, Bàrákátù lọ kúnlẹ̀ síwájú Màmá Ẹfúnwùmí.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí. N kò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo sanwó."

Màmá náà wò ó. "Nígbà tí ò ń wọn fèrèsé mi ńkọ́? O ti mọ̀ nígbà yẹn?"

"Mo ti mọ̀, Ìyá."

"O ti mu omi mi."

Màmá náà kẹ̀yìn sí i. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Títí di òní, bí Bàrákátù bá kí i lọ́nà, kì í dáhùn.

Bàrákátù ti ra ilé báyìí. Ilé oníyàrá kan ni, ní ẹ̀yìn ìlú, lọ́nà tó lọ sí Kpoulou. Ó pẹ́ kó tó rí i rà. Ó kọ́kọ́ bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀, ó rí ṣẹ́fù, àwọn ẹbí tó ni ín jókòó, wọ́n sì fọwọ́ sí i níwájú rẹ̀. Rosine bá a yẹ ìwé wò ní ilé mẹ́rì. Ọ̀dọ̀ *notaire*, amòfin tó ń ṣe ìwé àdéhùn, ni owó gbà kọjá. Ní ọjọ́ tí wọ́n wọn ilẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ pààlà dúró sí igun kọ̀ọ̀kan, wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń fi pè é. Ó ṣì máa ń dá jẹun. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè lé e kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ìlú ń gbòòrò, ilé sì ń wọ́n. Ẹ má tìtorí ìkánjú ra wàhálà. Ẹni tó bá ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ sá fún un, bó ti wù kó máa yẹ́ yín sí tó. Ẹ wádìí lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò àti ṣẹ́fù. Ẹ rí gbogbo ẹbí tó ni ilé, ẹ má yọ obìnrin àti arúgbó sílẹ̀. Ẹ gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ilé mẹ́rì fún àyẹ̀wò. Ẹ má san owó ilé láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹ sì má fọwọ́ sí ìwé tí kò ní ẹlẹ́rìí. Bí ẹ kò bá mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú, iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rì ni láti dá yín lóhùn, ẹ lọ bi wọ́n.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ tó mú owó jáde, ẹ kan ilẹ̀kùn ilé náà ní ọ̀sán gangan. Ẹ kí ẹni tó bá ṣí i. Kí ẹ tó gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá fún un.