Egungun Oníhò

Mùjídàt dúró láàárín òkìtì fóòmù nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní Takie, ọ̀bẹ gígùn lọ́wọ́ rẹ̀, eruku fóòmù bo ìbòrí dúdú rẹ̀ bí òwú.

"Àjákù ni mo fẹ́," ni Mubaraq wí, "èyí tí ihò inú rẹ̀ tóbi díẹ̀."

"Ìrọ̀rí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Rárá. Mo fẹ́ sun ún níná ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ẹ̀ ríṣẹ́ ṣe!"

Mubaraq ṣàlàyé. Yàrá ìwádìí kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń po lẹ́búlẹ́bú egungun màlúù bí ògì, á rẹ fóòmù sínú rẹ̀, á sá a, á sun ún. Fóòmù á jó lọ, egungun oníhò á ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá fi dí àlàfo egungun tó fọ́, ara lè hù wọ inú ihò náà, kó di egungun tuntun.

"Ó ti ṣiṣẹ́ lára èèyàn?"

"Ara ehoro la ṣì wà. Kò tíì pé."

Láti ọjọ́ náà ni Mùjídàt ti ń ṣa àjákù tó dáa pa mọ́ dè é.

"Oníná mi dé!" ló máa ń fi kí i.

"Ìwọ lo dá iná náà, èmi kàn ń yá a ni." Báyìí ni wọ́n ṣe di àfẹ́sọ́nà.

Ọ̀yọ́ ni Mùjídàt ń lọ, láti kí ìyá Mubaraq nílé rẹ̀ lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, tí tírélà fi kọ lu ọkọ̀ wọn. Egungun ojúgun rẹ̀ rún. Egbò náà kẹ̀. Àwọn dókítà ní àfi kí àwọn gé ẹsẹ̀ náà.

Bàbá rẹ̀, Alhaji Mashood, dọ̀bálẹ̀ fún Mubaraq ní ọsibítù.

"Ẹ dákun, ẹ dìde, sà!"

"Fi egungun rẹ sí ọmọ mi lẹ́sẹ̀."

"Sà, ọ̀pọ̀ ehoro tí a fi sí lára ló kú. Ó lè pa á."

"Dán an wò, Mubaraq," ni Mùjídàt wí lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹsẹ̀ mi ni."

"Rárá, Mùjí."

Wọ́n gé e. Alhaji ní kí Mubaraq má dé ilé òun mọ́ láé.

Nígbà tí egbò jinná, Mùjídàt fi ọ̀pá abẹ́ abíyá rìn dé ibi iṣẹ́ Mubaraq. Ó bá a níwájú àgò. Ehoro kan dùbúlẹ̀ níbẹ̀, itan rẹ̀ wú, ó ń rùn, ó ń mí gúlegúle.

"Kí ló ṣe é?"

"Mo rò pé ó ti yè. Ó ti ń sáré. Àná ló bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀."

Mùjídàt jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún kíkan. Mubaraq jókòó tì í.

"Mo bínú sí ọ."

"Mo mọ̀."

"Mo ṣì ń bínú."

"Mo mọ̀."

"Dìde. Wá bá bàbá mi sọ̀rọ̀."

Alhaji kò fẹ́ wo ojú Mubaraq. Mùjídàt ló sọ̀rọ̀. "Bàbá, mo rí ehoro yẹn. Ibi tí ẹ fẹ́ kó fi mí sí nìyẹn. Èmi náà ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi mí síbẹ̀. Ó kọ̀ fún wa, ó sì mọ̀ pé a máa kórìíra òun."

Alhaji yíjú sí Mubaraq. Lẹ́yìn náà ó ní, "Sọ fún ìyá rẹ kó máa bọ̀."

Lọ́jọ́ yìgì, wọ́n gbé àga fún Mùjídàt. Ó kọ̀ ọ́. Èjìká Mubaraq ló fara tì, ó dúró títí àáfà fi ṣe àdúà tán.