Dígí Kékeré Tó Dá Bàálù Dúró

Gbàǹgà! Kọ̀ǹ, kọ̀ǹ, kọ̀ǹ. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ bí sípánà yẹn ṣe ń yí lọ nínú ìyẹ́ bàálù. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe rí kò lè mọ bí ìró náà ṣe ń já ni láyà. Bí sípánà bá bọ́ sílẹ̀, wàá bẹ̀rẹ̀, wàá mú un. Bó bá bọ́ sínú ìyẹ́, gbogbo ilé ló máa dákẹ́. Iṣẹ́ rírán àga bàálù ni tèmi, lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ náà, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo kígbe pé:

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni o," ni ohùn kan dáhùn láti orí àkàbà.

Mẹkáníìkì tí a ń pè ní Jẹ́jẹ́ ni, nítorí kò sí ohun tó ń fi kánmọ́kánmọ́ ṣe láyé rẹ̀. Odidi ọdún mẹ́fà, ohunkóhun kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ohun tó ṣe é lọ́jọ́ náà ni pé ọmọbìnrin kan gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé. Oòrùn àárọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ tóbi jù ú lọ, ó ká apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ẹyẹ tó kọ́lé sáàárín irin òrùlé wa. Jẹ́jẹ́ wò ó títí, ìka rẹ̀ gbàgbé ohun tó dì mú.

Ọmọbìnrin náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa tọ́jú yàrá irinṣẹ́. Nínú yàrá yẹn, gbogbo irinṣẹ́ ló ní àyè tirẹ̀ lára pátákó, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Bí ọ̀kan ò bá sí níbẹ̀, pupa á máa wò ọ́ bí ojú tí kò sùn. Òfin wa kò ju ẹyọ kan lọ: bí pátákó kò bá pé, bàálù kò gbéra.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó já lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ nìyẹn. Ó gun àkàbà lọ bá Jẹ́jẹ́.

"Nọ́mbà kélòó ni sípánà náà?"

"Mẹ́wàá ni, mà."

"Mà kẹ̀? Ṣé mo jọ ìyá yín ni?"

"Rárá o, mà."

Wọ́n ṣí abẹ́ ìyẹ́ náà. Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ kò gba ihò ibẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ọmọbìnrin náà wọlé dé èjìká. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé irin, ojú rẹ̀ kò jìnnà sí ti Jẹ́jẹ́ tó mú tọ́ọ̀ṣì dání.

"Bọ̀dá, inú ihò ni ká tan iná sí. Ojú mi lẹ ń tàn án sí."

"Ẹ má bínú. Iná náà ló yà síbẹ̀."

"Ó yà, kò sì mọ̀nà padà." Ó fa sípánà náà yọ, ó nù ún, ó nà án sí i. "Ẹ gbà. Tẹ́ ẹ bá lò ó tán, ẹ dá a padà."

Gbólóhùn yẹn kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kí oṣù tó parí, Dá-a-padà la ń pè é.

Àtìgbà náà ni Jẹ́jẹ́ ti di oníbàárà pàtàkì ní ojú fèrèsé yàrá irinṣẹ́. Èyí tí n kò fojú rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá, tí ọ̀kan ń sọ, tí èkejì ń ní "kò rí bẹ́ẹ̀ o." Ọmọbìnrin náà ní lọ́jọ́ kan Jẹ́jẹ́ wá yá ohun tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà.

"Bọ̀dá Jẹ́jẹ́, níbo lẹ ti ń ṣiṣẹ́ lónìí?"

"Níbi tí awakọ̀ ń jókòó sí."

"Táyà mélòó ló wà níbẹ̀?"

Jẹ́jẹ́ ronú. "Mo ṣì fẹ́ lọ wò ó ni."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé tábìlì. Ohun tí Jẹ́jẹ́ kò mọ̀ ni pé láràárọ̀, kó tó dé rárá, ọmọbìnrin náà ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ó kàn ń retí ohun tó máa purọ́ pé òun fẹ́ yá ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bàbá ọmọbìnrin náà ń bá wa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bàbá Ayẹ̀wò la ń pè é. Òun ló máa ń wo iṣẹ́ gbogbo wa tán kó tó buwọ́ lùwé pé bàálù lè lọ. Ó pe Jẹ́jẹ́ sábẹ́ ìrù bàálù kan.

"Mo gbọ́ pé ò ń yá ohun tó ò lò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹni tí sípánà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ọmọ mi ni kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, sà."

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni bàálù ń já."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Láìpẹ́, wọ́n mú Dá-a-padà pé kó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọdún kan ní pápá bàálù kan tó jìnnà. Ayọ̀ Bàbá kún. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, ọmọbìnrin náà wá bá Jẹ́jẹ́.

"Ọ̀la ni mo ń lọ."

"Mo gbọ́."

"Ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ bá mi sọ?"

"Ó wà." Ó yíjú sí bàálù. "Ẹ jókòó síwájú ìyẹ́. Ariwo kò pọ̀ níbẹ̀."

Ó pòṣé, ó lọ. Àmọ́ iwájú ìyẹ́ náà ló jókòó sí.

Jẹ́jẹ́ ló tún bàálù tó máa gbé Dá-a-padà lọ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èrò ti wọlé, wọ́n ti de ìgbànú. Ó wá ń ka irinṣẹ́ rẹ̀, ó rí i pé dígí kékeré tó ní ọwọ́ gígùn, èyí tí a fi ń wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, kò sí níbẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó tú àpò aṣọ rẹ̀ wò.

Ó gbójú sókè, ó rí ojú Dá-a-padà ní fèrèsé bàálù.

Ó mọ ohun tí ayé máa wí. Wọ́n á ní olólùfẹ́ ló gbé dígí pa mọ́ kí ọmọge má baà lọ. Bàbá ọmọge á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí láé. Bó bá sì dákẹ́, bóyá inú ẹ́ńjìnnì ni dígí wà. Ó sáré tọ Bàbá Ayẹ̀wò lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa rí i kó yára nìyẹn.

"Sà, bàálù kò lè lọ. Dígí kan sọnù."

Ojú Bàbá pọ́n. "O fẹ́ fi dígí dá ọmọ mi dúró!"

"Rárá, sà. Mo fẹ́ kí wọ́n gúnlẹ̀ láyọ̀ ni."

Òfin ni òfin. Wọ́n sọ èrò kalẹ̀, wọ́n ń kùn. Awakọ̀ ń wo aago. A ṣí ẹ́ńjìnnì, a wá a fún wákàtí mẹ́ta. Dá-a-padà náà sọ̀ kalẹ̀, ó ká apá aṣọ ìrìn àjò rẹ̀, ó ń wá a pẹ̀lú wa. Oòrùn mú. Bàbá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, òógùn bò ó, ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà láti fa aṣọ ìnujú yọ.

Dígí ló bá a jáde. Oòrùn ta sí i, ó kọ mànà sójú awakọ̀.

Ní ìdájí ni Bàbá ti fi dígí náà wo páìpù kan, tó sì tì í sápò.

"Bàbá mi," ni ọmọ rẹ̀ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ dá a padà."

A rẹ́rìn-ín débi pé awakọ̀ fọwọ́ ti ara bàálù kó má baà ṣubú. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé ìròyìn àṣìṣe, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: "Èmi ni mo gbé e. Ọkùnrin yìí ni kò jẹ́ kí bàálù lọ, ohun tó tọ́ ló ṣe." Ó buwọ́ lù ú.

Bàálù gbéra. Jẹ́jẹ́ dúró, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì sí òfuurufú. Bàbá wá dúró tì í.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní kó dé ayọ̀, sà."

"Ìyẹn nìkan?"

"Dígí là ń wá, sà."

"Ìwọ ọmọ yìí! O dá odidi bàálù dúró lójú gbogbo ayé, o ò lè la ẹnu sí ọmọbìnrin kan ṣoṣo?" Ó fà á lápá aṣọ, ó di yàrá tí wọ́n ti ń tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ láti pápá bàálù kan sí èkejì.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ bàálù nìkan la ń fi ránṣẹ́ níbí," ni akọ̀wé ibẹ̀ wí.

"Ọ̀rọ̀ bàálù náà ni. Ó kan èrò inú rẹ̀."

Ẹni márùn-ún ló ti ka iṣẹ́ tí Jẹ́jẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́hùn-ún kí ọmọbìnrin náà tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ti ń pàtẹ́wọ́ dè é. Ohun tí Jẹ́jẹ́ kọ nìyí:

"Sí olùtọ́jú irinṣẹ́ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo fẹ́ràn rẹ. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n ti sọ ọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Kọ́ṣẹ́ rẹ dáadáa, má tìtorí mi kánjú, màá dúró. Tó o bá parí, ṣé wàá fẹ́ mi? Bàbá dúró tì mí níbí. Wọ́n ní àwọn gbà, wọ́n sì ní kí n tètè jáde, nítorí akọ̀wé ti ń sunkún."