Èjìká Ta Ló Wà Nínú Fótò Yìí?

"Tún òjìji rẹ̀ ṣe," ni Fáwàsì wí láti ẹ̀yìn àga Jàríátù. "Ọ̀tún ni oòrùn ti ń bọ̀, o sì fi òjìji bàbá àgbà rẹ sí ọ̀tún. Àbí oòrùn tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé?"

Jàríátù rẹ́rìn-ín, ó yí òjìji náà sí òsì. Ilé fótò Fáwàsì ní àdúgbò Komah, ní Sokodé, ló ti ń kọ́ṣẹ́ nígbà ọlidé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó sì ti mọ bí a ṣe ń to fótò ní ìpele-ìpele lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹni to gíláàsì léra. Èyí tó wà lókè ló ń bo ti ìsàlẹ̀, àfi ibi tí a bá pa rẹ́ tàbí tí a sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ìpele mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Káábà ló wà nísàlẹ̀. Lórí rẹ̀ ni ara ọkùnrin kan tó ró aṣọ funfun àwọn onímẹ́kà, tí èjìká rẹ̀ ọ̀tún wà níta. Lókè pátápátá ni orí bàbá àgbà rẹ̀, Bàbá Àjàyí, àgbẹ̀ oníṣu ní Kambolé, tí kò dé Mẹ́kà rí.

Mùstàfá, àbúrò bàbá Jàríátù, tó jẹ́ tíṣà ní Tchamba, ló gbé iṣẹ́ náà wá. Òun náà ló bẹ àwọn òbí Jàríátù títí tí wọ́n fi gbà kó wá kọ́ṣẹ́.

"Iléyá ń bọ̀," ni ó wí. "Ẹni tó fi oko rán ọmọ méje níwèé, ṣé orúkọ Àlájì wá pọ̀ jù fún un? Ta ló máa bi í léèrè?"

Jàríátù mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà dùn ún ṣe. Ó po àwọ̀ ọrùn mọ́ ti èjìká títí tí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé fi pòórá. Fáwàsì wò ó, ó mi orí. "Ọmọ yìí, o ti kọjá mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ló bo iyèméjì ọkàn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Iléyá, fótò náà wà lára ògiri pálọ̀ Bàbá Àjàyí ní Kambolé. Àwọn àlejò ń wọlé, "Àlájì, ẹ kú ọdún." Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì, kò rí ògiri láti orí ẹní rẹ̀, ó rò pé eré ni wọ́n ń ṣe.

Rìdwánù, àgbẹ̀ kan láti Koussountou, jókòó tì í. "Àlájì, ẹ lọ ẹ ò dágbére. Omi sámúsámù Mẹ́kà tiwa dà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi ń lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé ohun tí ojú ń rí níbẹ̀ fún un."

Bàbá wá mọ̀ pé kì í ṣe eré, nǹkan kan ni gbogbo wọn ń wò lára ògiri.

"Jàríátù, gbé ohun tí wọ́n ń wò yẹn wá," ni Bàbá wí. Ó gbé e súnmọ́ ojú dáadáa. "Ojú mi nìyí. Èjìká ta ló wà nínú fótò yìí?" Ó fa ọrùn jàlàbíà rẹ̀ wálẹ̀. Àpá dúdú, tó nípọn, wà ní èjìká rẹ̀ ọ̀tún, níbi tí ìdì igi tí iṣu ń fà mọ́ ti ń bó o láti ìgbà ọ̀dọ́. "Èyí tẹ ẹ yà yìí kò ru igi rí."

Mùstàfá, tó wà láàárín àwọn àlejò, ṣẹ́jú sí Jàríátù pé kó dákẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀, ó lè pàdánù iṣẹ́ tó ń kọ́. Bó bá sì dákẹ́, Bàbá yóò di òpùrọ́ lójú Rìdwánù tó fọkàn tán an, àti lójú ọmọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Èmi ni mo ṣe é. Ara ẹlòmíràn ni mo gbé orí yín lé."

Mùstàfá dìde, ó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi dáhùn ìkíni Jàríátù.

Bàbá kò bínú. "Ọlọ́run mọ ibi tí mo dé, ó sì mọ ibi tí n ò dé," ni ó wí. "Ṣé ẹ̀rọ yín lè ya ibi tí mo dé?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Jàríátù tẹ̀ lé e lọ sóko, ó sì ya fótò rẹ̀ láàárín ebè. Nígbà tó padà sí Sokodé, ebè ló fi sí ìpele ìsàlẹ̀. Ó gbé Bàbá lé e, èjìká rẹ̀ níta, àpá rẹ̀ hàn kedere. Lẹ́yìn náà, ó mú fótò ìgbà èwe àwọn ọmọ Bàbá méjèèje, ó sọ wọ́n di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó pò wọ́n mọ́ àwọ̀ erùpẹ̀, ojú kan nínú ebè kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wò ó, oko ló máa rí. Bó bá dúró díẹ̀, ojú àwọn ọmọ á máa yọ láti inú ilẹ̀. Fáwàsì jáde lọ pe àwọn ará àdúgbò kí wọ́n wá wò ó.

Nígbà tí fótò náà dé Kambolé, Mùstàfá wá láti Tchamba. Ó rí ara rẹ̀ nínú ebè kẹta, ọmọ ọdún méjìlá, etí gbòòrò.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Lára ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yín àtijọ́, bàbá kékeré."

Mùstàfá mú ìṣó, ó gbé fótò náà kọ́ fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó sì ń kì í: "Àjàyí, a-kọ-ebè-bí-ẹni-kọ́lé, a-rugi-má-sọ̀rètí-nù, a-foko-rán-ọmọ-níwèé."

Bàbá di ọwọ́ ọmọọmọ rẹ̀ mú. "Kí Ọlọ́run bùkún ọwọ́ yìí. Ẹni tó bá wọlé, ẹ jẹ́ kó wò ó. Èmi gan-an nìyí."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà mí, ọgbọ́n tí Ọlọ́run fi sí yín lọ́wọ́, ẹ má fi bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Ohun tí àwọn òbí yín ṣe ní tòótọ́ tó ohun tí ẹ lè fi yangàn. Ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín gbé e jáde.